Lactic acid kọ́ ló ń jẹ́ kí itan máa ro yín lọ́jọ́ kejì

Ẹni tó bá gun Òkè Ìdànrè lánàá, tí kò lè jókòó lónìí láì di ògiri mú, kò ní pẹ́ rí ẹni tí yóò sọ fún un pé lactic acid, ásíìdì kan tí iṣan ń ṣe jáde, ló dì sí i lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá pàápàá ń sọ ọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Sẹ́ẹ̀lì iṣan máa ń la glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, sí méjì. Lílà yìí kò nílò ọ́síjìn, ṣùgbọ́n ATP méjì péré, èròjà tí iṣan fi ń ṣiṣẹ́, ni èrè rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá wà, mitochondria, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì, á jó ìlàjì méjèèjì tán, ATP bí 30 á sì jáde. Tí a bá wá sáré tete, tí iṣan ń béèrè ju ohun tí mitochondria lè pèsè lọ, ìlàjì ṣúgà náà á di lactate, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní lactic acid, kí iṣẹ́ má baà dúró. Irú iṣẹ́ yìí náà ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ń ṣe tí ògì fi ń kan.

Lactate kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọkàn ń jó o láti fi rí agbára, ẹ̀dọ̀ sì ń sọ ọ́ padà di glúkóòsì. Carl Cori àti ìyàwó rẹ̀ Gerty, tí wọ́n gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1947, ló ṣàlàyé àyípo yẹn. Láàárín wákàtí kan sí méjì lẹ́yìn eré, lactate inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ìrora sì rèé, ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta ló ń le jù!

Àwọn fọ́nrán iṣan tó ya wẹ́wẹ́ ló ń dunni, pẹ̀lú wíwú tó ń bá àtúnṣe wọn rìn. Yíya yìí sì wọ́pọ̀ jù nígbà tí iṣan bá ń nà bó ti ń gbé ẹrù lọ́wọ́. Ẹ wo Ìdànrè: àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Gígùn ún ló ń mú èèyàn mí hẹlẹhẹlẹ. Sísọ̀kalẹ̀, tí èémí balẹ̀, tí lactate kò sì pọ̀, ló ń fi itan jẹ wá níyà lọ́jọ́ kejì, torí ìgbà yẹn ni iṣan itan ń nà bó ṣe ń dá gbogbo ìwọ̀n ara dúró.

Nítorí náà, kò sí ásíìdì kankan tí ìpara gbígbóná fẹ́ lé jáde. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀, yóò tù yín. Àmọ́ bí ìtọ̀ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ kejì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.