Oògùn kan náà, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Arno Motulsky àti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìwòsàn tó ń wo àbùdá

Ìyá tó bá gbé ọmọ tuntun lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára á gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì: "Màmá, ẹ má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ o." Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà tí wọ́n ń pè ní G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí káńfọ̀ bá ràn wọ́n, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ibà pọ́njú á sì dé.

Ọ̀rọ̀ G6PD yìí wà nídìí ẹ̀ka ìṣègùn kan tí wọ́n ń pariwo lónìí bí ohun tuntun: kí dókítà wo àbùdá tí aláìsàn jogún kó tó kọ oògùn fún un. Wọ́n á ní ìgbà tí àwọn onímọ̀ ka jíìnì ọmọ ènìyàn tán ní 2003 ló bẹ̀rẹ̀. Èmi ò gbà. Oògùn ibà ló fa ọ̀rọ̀ yìí yọ, ara ẹ̀jẹ̀ àwọn adúláwọ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí i.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì àti lẹ́yìn rẹ̀, Amẹ́ríkà ń wá oògùn ibà fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville ní Illinois ni Alf Alving àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Chicago ti ń dán an wò: wọ́n á jẹ́ kí ẹ̀fọn tó gbé ibà jẹ ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n á wá fún un lóògùn. Wọ́n ní àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà yọ̀ǹda ara wọn. Ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, èwo ni yíyọ̀ǹda tirẹ̀? Ọ̀pọ̀ lo primaquine, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọkùnrin adúláwọ̀, bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá ni ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, tí ojú rẹ̀ á pọ́n, tí okun á tán nínú rẹ̀. Ní 1956, Paul Carson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tú àṣírí náà: G6PD tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa ni kò tó lára wọn. Ó wá hàn lẹ́yìn náà pé inú jíìnì tí ọmọkùnrin ń gbà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti wá.

Láàárín àkókò yẹn náà, Werner Kalow ní Toronto rí i pé suxamethonium, oògùn tí wọ́n fi ń mú kí iṣan ara dẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, kì í tètè tán lára àwọn kan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yẹ kó fi ṣiṣẹ́. Tiwọn lè ju wákàtí kan lọ tí wọn ò ní lè dá mí. Àjogúnbá ni òun náà bá nídìí ẹ̀.

Arno Motulsky ló so irú ìròyìn báwọ̀nyí pọ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1957, ó kọ ojú ìwé mẹ́ta péré sínú JAMA, ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà. Ohun tó sọ ni pé èèyàn lè gbé jíìnì kan kiri látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kí jíìnì náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, àfi lọ́jọ́ tí oògùn kan bá wọ ara rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Friedrich Vogel, ọmọ Jámánì, sọ ìmọ̀ náà ní pharmacogenetics.

Jámánì kan náà ló lé Motulsky jáde. Júù ni, Fischhausen ní ìlà-oòrùn Prussia ni wọ́n bí i sí ní 1923. Bàbá rẹ̀ ṣáájú lọ sí Kúbà. Ní oṣù Karùn-ún 1939, ìyá rẹ̀ kó òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wọ ọkọ̀ ojú omi St. Louis ní Hamburg, wọ́n ń lọ bá a. Èrò inú ọkọ̀ náà lé ní 900. Wọ́n dé Havana, Kúbà ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ àfi èèyàn díẹ̀. Amẹ́ríkà náà ò gbà wọ́n. Ọkọ̀ yí padà sí Yúróòpù, ìdílé Motulsky sì bọ́ sí Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tí Jámánì ya wọ ibẹ̀ lọ́dún kejì, Bẹ́ljíọ̀mù mú Arno, wọ́n ní ọmọ Jámánì ni! Àhámọ́ ní Faransé ló bá ara rẹ̀: St. Cyprien, Gurs, Les Milles. Oṣù Kẹfà 1941 ló tó rọ́nà jáde, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọdún 18. Sípéènì ló máa gbà kọjá, Sípéènì kì í sì í jẹ́ kí ọkùnrin tó ti tó ogun jà gba ibẹ̀ kọjá. Ọdún 1946 ni ojú rẹ̀ tó tún kan ìyá rẹ̀.

Ó parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Illinois ní 1947, ó dá ẹ̀ka ìmọ̀ àbùdá sílẹ̀ ní Yunifásítì Washington ní Seattle ní 1957. Joseph Goldstein tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1985 kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Motulsky bá ọ̀rọ̀ G6PD dé Kóńgò, ó ń wò ó bóyá ibi tí ibà ti pọ̀ náà ni àìtó rẹ̀ ti pọ̀.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ẹ̀rí kan tó ṣòro láti jà níyàn ti wá, mi ò sì mọ ìdí tí a kì í fi í sọ ọ́ sókè. Lucio Luzzatto, ọmọ Ítálì, wà ní Yunifásítì Ìbàdàn láti 1964 di 1974. Òun, Usanga àti Reddy yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdébìnrin tí ibà ń ṣe wò. Ọmọbìnrin ń gba jíìnì yìí lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá, nítorí náà oríṣi sẹ́ẹ̀lì pupa méjì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀: èyí tí G6PD tó nínú rẹ̀ àti èyí tí kò tó. Wọ́n ka kòkòrò ibà inú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ tó, kòkòrò náà fi ìlọ́po 2 títí dé 80 pọ̀ ju ti èkejì lọ. Ọmọ kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni, kò sẹ́ni tó lè ní oúnjẹ tàbí ilé ló fa ìyàtọ̀. Ọdún 1969 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àbùkù tó ń dá ibà dúró lára ọmọ yìí náà ló lè mú kí oògùn ibà kan ṣe é léṣe.

Síbẹ̀, Lapdap, oògùn ibà tí wọ́n ṣe fún Áfíríkà, ní èròjà kan tó ń jẹ́ dapsone nínú, ó sì ti pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ ohun tí dapsone ń ṣe fún ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ọdún 2008 ni wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà, nígbà tí ìwádìí fi hàn pé ó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí Motulsky ti kọ ojú ìwé mẹ́ta rẹ̀.

Ó kú ní oṣù Kíní 2018, ẹni ọdún 94. Ní oṣù Keje ọdún náà, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tafenoquine, ìbátan primaquine, fún oríṣi ibà kan tí wọ́n ń pè ní vivax. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni aláìsàn ń lò ó, ṣùgbọ́n dókítà ò gbọdọ̀ fún un láìjẹ́ pé ó ti yẹ G6PD rẹ̀ wò.