Báwo ni ẹgbẹ́ tí kò rí àwọ̀n he ṣe gba ife? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí họ́kì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà

Àbúrò mi kan ń kàwé ní Connecticut. Láti ìgbà táwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mú un lọ wo họ́kì orí yìnyín, ọkàn rẹ̀ ò sí níbòmíràn mọ́. Àmọ́ nígbà tó di oṣù kejì, ẹgbẹ́ tó yàn láàyò bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí rẹmi léraléra, àwọn eléré wọn sì ń farapa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pè mí lálẹ́ Sátidé kan, ohùn rẹ̀ ti há. Àwọn ohun tó bi mí nìyí àti èsì tí mo fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí sáà ń parí lọ ni ẹgbẹ́ tó ti ń ṣe dáadáa máa ń dojú rú?

Ara wọn ló ti rẹ̀. Oṣù kẹwàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n á gbá a ní Fúráìdé, wọ́n á tún gbá a ní Sátidé, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì padà sílé, kíláàsì sì ń dúró dè wọ́n ní Mọ́ńdè. Nínú họ́kì, eléré kì í dúró lórí yìnyín pẹ́. Bí ìṣẹ́jú kan ò tíì pé, á ti sáré bọ́ sórí bẹ́ńṣì kó lè mí, ẹlòmíràn á sì bọ́ síbẹ̀. Bí àwọn méjì nínú àwọn adènà, àwọn tó ń gbèjà ẹ̀yìn, bá farapa, àwọn tó kù ni yóò pín iṣẹ́ wọn ṣe, ìsinmi orí bẹ́ńṣì á sì kúrú. Ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ kì í tètè yẹra, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi èjìká gbá wọn mọ́ ògiri. Báyìí ni ìfarapa kan ṣe ń bí òmíràn.

Ti aṣọ́lé, ẹni tó ń ṣọ́ àwọ̀n, ló wá burú jù. Lọ́jọ́ kan, fi gbogbo ẹ̀ka eré kan, ìṣẹ́jú 20, wo òun nìkan. Á ju orókún méjèèjì lu yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà, á tan ojúgun sí ọ̀tún àti òsì, á dìde, á tún kúnlẹ̀. Itan àti ìbàdí ló ń jẹ ìyà yẹn. Bí ó bá farapa, ẹni tó ti jókòó láti oṣù kẹwàá ni wọn yóò gbé wọlé, àwọn adènà iwájú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù.

Kí ló dé tí wọn kì í sọ ohun tó ṣe eléré gan-an? "Apá òkè ara" tàbí "apá ìsàlẹ̀ ara" nìkan la máa ń gbọ́.

Bí wọ́n bá sọ pé ọwọ́ ọ̀tún ni, orí ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni ọ̀pá alátakò yóò máa balẹ̀ sí. Ọmọ tó ń fi ìrora gbá eré ni wọ́n ń dáàbò bò. Inú mi kì í dùn bí mi ò bá mọ̀, àmọ́ mo fara mọ́ ọn.

Ṣé ẹgbẹ́ kan ti ṣubú báyìí rí, tó sì tún dìde?

Nítòsí ọ̀dọ̀ rẹ níbẹ̀ náà ni. Yale, ní New Haven, àwọn tó ń gbá a ní Ingalls Rink, gbọ̀ngàn tí òrùlé rẹ̀ tẹ̀ bí ẹ̀yìn ẹja àbùùbùtán. Ivy League, àjọ àwọn yunifásítì mẹ́jọ kan, ni wọ́n wà, níbi tí wọn kì í ti í fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí pé ó mọ eré ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2013, aṣọ́lé wọn, Jeff Malcolm, farapa, wọ́n sì ń pàdánù léraléra. Oṣù kẹta ló tún wá burú sí i. Wọ́n lọ sí Atlantic City fún ìparí ìdíje ECAC, líìgì tí wọ́n ti ń gbá họ́kì, ẹgbẹ́ Union na wọ́n ní 5 sí 0. Lọ́jọ́ kejì, Quinnipiac, tó wà ní Hamden tó bá New Haven pààlà, na wọ́n ní 3 sí 0. Ìdíje méjì, wọn ò gbá ẹyọ kan sáwọ̀n.

Quinnipiac yìí ti kọ́kọ́ nà wọ́n ní 6 sí 2 àti 4 sí 1. Bí o bá ro ó pọ̀, ayò 13 sí 3 ni láàárín aládùúgbò méjì. O lè fojú inú wo bí ó ti rí fún àwọn olólùfẹ́ Yale.

Báwo ni wọ́n wá ṣe wọlé sí ìdíje gbogbogbòò, èyí tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó gba ife Amẹ́ríkà?

Ibi tó ń rú gbogbo ènìyàn lójú nìyí. Ẹgbẹ́ 16 ló ń wọlé. Lọ́dún yẹn, 5 nínú wọn ni àwọn tó gba ife líìgì wọn, 11 tó kù ni wọ́n fi ìṣirò mú. Nígbà náà, wọ́n máa ń gbé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ìkejì rẹ̀: ta ni wọ́n nà, báwo ni àwọn tí wọ́n bá gbá a ti lágbára tó, kí ni èsì wọn sí alátakò kan náà. Iṣẹ́ oṣù kọkànlá wà nínú ẹ̀ bíi ti oṣù kẹta, kò sẹ́ni tó ń pa á rẹ́ nítorí pé ẹ pàdánù lánàá.

Síbẹ̀, etí bèbè ni Yale wà. Ọjọ́ 24 oṣù kẹta, Michigan àti Notre Dame pàdé nínú àṣekágbá CCHA, líìgì tiwọn nígbà náà. Ìṣirò ti fún Notre Dame láyè tẹ́lẹ̀, Michigan ò ní. Bí Michigan bá borí, wọn yóò gba àyè kan tí ẹnikẹ́ni ò retí, Yale ni yóò sì jáde. Notre Dame borí. Àwọn ọmọ Yale ò gbá pọ́ọ̀kì, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá, lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì wọlé.

Kí ni wọ́n fi àyè náà ṣe?

Minnesota ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù. Ó di 2 sí 2, wọ́n lọ sí àfikún àsìkò. Ìṣẹ́jú àáyá 9 péré, Jesse Root ti gbá a wọlé. Wọ́n na North Dakota ní 4 sí 1. Ní Pittsburgh, wọ́n na UMass Lowell ní 3 sí 2, nínú àfikún àsìkò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Connor Hellebuyck tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká lẹ́yìn náà ló ń ṣọ́lé fún Lowell.

Ọjọ́ 13 oṣù kẹrin, àṣekágbá, ta ni wọ́n tún bá pàdé? Quinnipiac. Odindi ìṣẹ́jú 39 kọjá láìsí ayò. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀ kí ẹ̀ka kejì parí ni Clinton Bourbonais fi ọ̀pá kan pọ́ọ̀kì tó ń lọ síwájú àwọ̀n, ó sì wọlé. Ó parí sí 4 sí 0. Malcolm, aṣọ́lé tó farapa nínú oṣù kejì, dá pọ́ọ̀kì 36 padà. Ife àkọ́kọ́ tí Yale gbà nínú họ́kì nìyẹn.

Nítorí náà, ti àwa náà máa rí bẹ́ẹ̀?

Mi ò ní tàn ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ṣubú ní oṣù kejì tí wọn ò sì gbérí mọ́. Èmi kì í ka iye ìdíje tí wọ́n pàdánù. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni ìgbà tí àwọn tó farapa yóò padà. Ìdíje gbogbogbòò kì í ṣe lọ-kí-o-tún-padà-wá: bí wọ́n bá nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Aṣọ́lé kan tí ara rẹ̀ yá fún òpin ọ̀sẹ̀ méjì péré lè gbé ẹgbẹ́ dé òpin.

Ṣé kí n ṣì lọ lọ́jọ́ Fúráìdé?

Lọ. Tètè dé, kí o sì dúró nítòsí gíláàsì nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìmúra. Wo aṣọ́lé yín bó bá kúnlẹ̀. Bí ó bá ń fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ sókè kó tó lè dìde, ara rẹ̀ ò tíì yá. Bí ó bá dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan, pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru lọ́dọ̀ mi.