Ẹ̀wà tí kòkòrò ò lè jẹ: kí ló wá ń rìn nínú múdù tí mo rà?

Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2024 tí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ti ní kí wọ́n wádìí àwọn irè oko GMO, ìyẹn àwọn tí wọ́n yí àbùdá wọn padà, ọ̀rọ̀ ẹ̀wà kan tí "kòkòrò ò lè jẹ" ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn wa ní Kubwa àti Nyanya l'Ábùjá. Àwọn kan ń sá fún un, àwọn kan ń wá a kiri. Ohun tí wọ́n ń bèèrè jù nìyí.

Ẹ̀wà wo gan-an ni?

SAMPEA 20-T. Iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ (IAR) tó wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ló ṣe é. Ìjọba fọwọ́ sí i lọ́dún 2019. Ọdún 2021 ló dé ọwọ́ àgbẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni kòkòrò ò lè jẹ ẹ́?

Kòkòrò kan ṣoṣo ni kò lè jẹ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti dàrú, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Àfòpiná kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Maruca. Tí ẹ̀wà bá fẹ́ tanná lóko, ó máa ń yé ẹyin sí i lára. Ìdin tó bá jáde á jẹ òdòdó, á lu èèpo tútù wọlé, á sì máa jẹ hóró níbẹ̀. Níbi tó bá ti gbilẹ̀, ó lè kó tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá irè lọ. Nígbà tó jẹ́ pé inú ló ń sá sí, oògùn tí àgbẹ̀ ń fín sórí ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a. Àwọn ará Zaria wá lo ẹ̀wà tí wọ́n ti fi jíìnì kan láti ara bakitéríà inú ilẹ̀ sí, kí ìdin náà lè kú tó bá ti bù ú jẹ.

Àwọn kòkòrò tíńtìntín tó ń gbé inú òdòdó títí yóò fi já dànù ńkọ́? Jíìnì yẹn ò kàn wọ́n. Èyí tó ń fa omi èso títí hóró á fi hunjọ? Kò kàn án. Àwọn dúdú wínníwínní tó ń bo ewé? Rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gbin SAMPEA 20-T fi ṣì ń fín oògùn bí ẹ̀ẹ̀mejì, dípò ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló wá ń rìn nínú ẹ̀wà mi?

Kòkòrò mìíràn tó ń lu ẹ̀wà gbígbẹ ni. Kì í ṣe ọmọ àfòpiná, jíìnì yẹn ò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Oko ló ti ń bẹ̀rẹ̀: á yé ẹyin sára èso tó ti gbẹ, àgbẹ̀ á sì kó o wálé láìmọ̀. Àmì funfun kékeré tí ẹ ń rí lára hóró, ẹyin ni. Ọmọ á lu hóró wọlé, á dàgbà síbẹ̀, á sì jáde ní bí oṣù kan. Èyí tó ń rìn kiri yẹn kì í jẹ ẹ̀wà mọ́ rárá. Ọmọ bíbí nìkan ló kù tó ń bá kiri.

Ṣé ohun tó pa ìdin ò ní pa èmi náà?

Omi inú ikùn ìdin kì í kan bíi tiwa, ohun tí èròjà tí jíìnì yẹn ń mú jáde ń dì mọ́ nínú ìfun rẹ̀ kò sì sí nínú ìfun èèyàn.

Ṣé mo lè fojú dá SAMPEA 20-T mọ̀ lọ́jà?

Rárá.

Kí ló wá yẹ kí n bẹ̀rù?

Oògùn tí àwọn kan ń dà sí ẹ̀wà kó má baà lu. Dichlorvos ni, èyí tó ń wà nínú ọ̀tápíápíá. Torí rẹ̀ ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà lọ́dún 2015. Èyí tí wọn ò gbà lọ́hùn-ún, ibo lẹ rò pé wọ́n ń tà á sí? Ẹ gbóòórùn ẹ̀wà kẹ́ ẹ tó wọn múdù kan. Èyí tó lu díẹ̀ sàn ju èyí tó ń rùn bí oògùn lọ.

Mo ní oko kékeré ní Kuje. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ máa tú òdòdó wò látìgbà tó bá ti ń rúdí, torí tí ìdin bá ti wọnú èso, ẹ ti pẹ́. Oògùn oko ni kẹ́ ẹ fín, nírọ̀lẹ́ tí oyin ti lọ. Kì í ṣe ti aáyán. Tí èso bá ti gbẹ, ẹ ká a kíákíá. Ẹ sá a dáadáa, kẹ́ ẹ kó o sínú báàgì onípele mẹ́ta tàbí kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, kó kún dé ẹnu, kẹ́ ẹ sì dè é pinpin. Àìrí afẹ́fẹ́ ló ń pa àwọn kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà, torí náà ẹ má máa ṣí i wò.

Ṣé mo lè tọ́jú irúgbìn SAMPEA 20-T di ọdún tó ń bọ̀?

Ẹ lè tọ́jú rẹ̀. Kò rí bí àgbàdo háíbríìdì, tí kì í so dáadáa mọ́ tí wọ́n bá tún hóró rẹ̀ gbìn. Inú báàgì kan náà yẹn ni kẹ́ ẹ kó o sí.