Owó alágbàfọ̀ ni, kì í ṣe owó ògùn

Ẹ kàn dárúkọ lọ́ọ̀jì láàárín àwọn èèyàn wa, kí ẹ wo bí ojú wọn yóò ṣe yí padà. Lọ́kàn ọ̀pọ̀ wa, lọ́ọ̀jì ni ìmùlẹ̀, ìmùlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń di owó. Bó bá wá jẹ́ obìnrin ni, tó lówó lọ́wọ́, tí ọkọ rẹ̀ sì kú ikú òjijì, kò sí ẹni tí yóò bèèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á ní ó ti fi ọkọ rúbọ.

Kò sí èyí tí kò sí lára Maggie Lena Walker nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ará Richmond ni, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ onílọ́ọ̀jì kan, ó dá báńkì sílẹ̀. Ní 1915, Russell ọmọ rẹ̀ yìnbọn pa bàbá tó bí i; ó rò pé olè ló wọlé. Ilé ẹjọ́ dá ọmọ náà láre. Síbẹ̀, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ fi ọ̀ràn náà yọ ìyá rẹ̀ nípò. Wọn ò rí i ṣe.

Ibo lowó ti wá? Elizabeth ìyá rẹ̀ ti ṣẹrú rí. Nígbà tí wọ́n bá òkú ọkọ rẹ̀ nínú odò James ní 1876, iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Maggie ló ń ru aṣọ lọ sílé àwọn òyìnbó. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó dàgbà pé àfi bí ẹni pé apẹ̀rẹ̀ aṣọ ni wọ́n gbé ka òun lórí nígbà tí wọ́n bí òun.

Kò tíì pé ogún ọdún tó fi wọ Independent Order of St. Luke, ẹgbẹ́ tó wá di olórí rẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Mary Prout, ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Baltimore ní 1867, kò pẹ́ lẹ́yìn tí oko ẹrú parí. Ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó kékeré. Bó bá ṣàìsàn, wọ́n ń fún un lówó. Bó bá kú, wọ́n ń sin ín. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò òyìnbó kì í gba aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn, àwọn tó bá sì gbà wọ́n ń bu owó lé wọn lórí.

Wọ́n ní àwọn ètò ìgbàwọlé o, wọ́n sì ní aṣọ oyè. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ní ọ̀rọ̀ àṣírí pẹ̀lú, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ ro ibi tó wúlò sí. Àlejò dé láti ìlú mìíràn, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ lòun, ara òun ò yá, ẹ fún òun lówó. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé kìkì ẹni tó san owó rẹ̀ pé ló mọ̀ ọ́n, òun ni káàdì wọn. Aláàjọ tó ń sàmì sí káàdì oníbàárà kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n fi Maggie ṣe akọ̀wé àgbà ní 1899, dọ́là 31.61 ló wà lápò ẹgbẹ́, gbèsè sì tó 400. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣáájú ń gba 300 lọ́dún. Maggie gba 100. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1902, St. Luke Penny Savings Bank sì ṣílẹ̀kùn ní 1903. Àwọn alágbàfọ̀ àtàwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ń mú sẹ́ǹtì wọn wá. Wọ́n fún àwọn ọmọdé ní kóló onípáálí. Bó bá ti pé 100 sẹ́ǹtì, ó di báńkì.

Ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ẹgbẹ́ ṣí ní 1905 kò yọrí sí rere. Àwọn oníṣòwò òyìnbó halẹ̀ mọ́ àwọn tó ń kó ọjà fún wọn, ṣọ́ọ̀bù náà kò sì lo ọdún mẹ́wàá tó fi kógbá sílé. Ògùn owó wo ló ń jẹ́ kí ọjà kú báyìí? Nígbà tí báńkì ẹgbẹ́ mìíràn, True Reformers, wó ní 1910, ìjọba Virginia ní kí wọ́n ya báńkì kúrò lára ẹgbẹ́. Maggie ṣe bẹ́ẹ̀, báńkì rẹ̀ sì dúró.

Ní 1924, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti tó 50,000, ó kéré tán. Ẹsẹ̀ Maggie ò gbé e mọ́ nígbà tí ayé rẹ̀ ń lọ sópin, ó sì ń jókòó sórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn lọ síbi iṣẹ́. Àtọ̀gbẹ ló pa á ní 1934. Ìjọba àpapọ̀ ló ń tọ́jú ilé rẹ̀ ní òpópónà East Leigh báyìí, àlejò sì ń wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe síbẹ̀ láti máa gbé e lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣì wà nínú rẹ̀.