Ìwé ìbéèrè tí alájá ń kọ: bí wọ́n ṣe ń wọn ìrora oríkèé tó ti pẹ́ lára ajá

Tí wọ́n bá gbé ajá tó ti dàgbà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko ní Surulere tàbí Yaba, ìwọ̀nba ni dókítà lè rí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Àyà ajá náà ń já, òórùn àwọn ajá mìíràn gbà á lọ́kàn, àlejò sì ń fọwọ́ kàn án. Èyí tó ń tiro nílé láàárọ̀ lè máa rìn geere níbẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi ṣe ìwé ìbéèrè fún ẹni tó ń bá ajá gbé, kí ohun tí onítọ̀hún ń rí lójoojúmọ́ lè di nọ́ńbà tí dókítà lè fi ṣiṣẹ́.

Àìsàn tó wà nídìí ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni làkúrègbé inú oríkèé, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní osteoarthritis. Kerekere tó bo orí egungun níbi tí egungun méjì ti pàdé á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, oríkèé á le gan-an, á sì máa ro ajá. Àwọn ajá ńlá tí à ń fi ṣọ́lé l'Ékòó, bíi Boerboel, Rottweiler àti Alsatian, wà lára àwọn tó sábà máa ń ní in, pàápàá tí egungun ìbàdí wọn ò bá ti jókòó dáadáa láti kékeré, tàbí tí wọ́n bá sanra jù. Ajá kì í sábà ké nítorí irú ìrora yìí. Ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló máa ń dín kù. Mọ́tò á fọn fèrè lẹ́nu géètì, kò ní sáré lọ mọ́. Kò ní gun àtẹ̀gùn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mọ́. Tó bá sùn sórí táìsì, kó tó dìde á di iṣẹ́. Àwa á ní ó ti darúgbó ni. Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá, torí ìrora ni lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí a lè ṣe sí i sì wà.

Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú àwọn ìwé náà ni Canine Brief Pain Inventory, tí wọ́n ń gé kúrú sí CBPI. Yunifásítì Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ìbéèrè 11 ló sì wà níbẹ̀. Mẹ́rin nínú ẹ̀ ń béèrè bí ìrora náà ti pọ̀ tó: nígbà tó le jù láàárín ọjọ́ 7 tó kọjá, nígbà tó fúyẹ́ jù, bó ṣe máa ń rí lọ́pọ̀ ìgbà, àti bó ṣe rí báyìí. 0 ni kò sí ìrora rárá, 10 sì ni ìrora tó kọjá àlà. Mẹ́fà ń béèrè ohun tí ìrora kò jẹ́ kó ṣe bó ti yẹ: ìgbòkègbodò rẹ̀, ìgbádùn ayé rẹ̀, dídìde, rírìn, sísáré, àti gígun nǹkan. Tí kò bá sí àtẹ̀gùn nílé yín, ẹ wo bó ṣe ń gòkè sí ẹnu ọ̀nà tàbí fáráńdà. Èyí tó gbẹ̀yìn ń béèrè bí ayé ajá náà ṣe rí lápapọ̀. Nínú ìwádìí oògùn, tí ìpíndọ́gba nọ́ńbà ìrora bá fi 1 wálẹ̀ ó kéré tán, tí ti ìdíwọ́, ìyẹn ìbéèrè mẹ́fà yẹn, sì fi 2 wálẹ̀, wọ́n á kà á pé ara ajá náà ti yá sí i.

Òmíràn ni LOAD (Liverpool Osteoarthritis in Dogs), láti Liverpool nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníbéèrè 13 tí àròpọ̀ rẹ̀ kò ju 52 lọ. Ó máa ń béèrè bóyá òtútù àti ọ̀rinrin ń mú kí títiro náà le sí i. Àsìkò òjò l'Ékòó ni kẹ́ ẹ fi dáhùn ìyẹn.

Ta ló yẹ kó kọ ọ́? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó, ẹni tó ń sanwó dókítà ti gba orí Third Mainland Bridge lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, alẹ́ ló ń wọlé. Máígàdì ló ń fún ajá lóúnjẹ, òun ló mọ̀ bóyá ó dìde lẹ́ẹ̀kan tàbí ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ pè é. Tí kò bá mọ̀wé, ẹ ka ìbéèrè náà sí i létí, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tó bá sọ, ẹ má tún un ṣe. Ẹnì kan náà ni kó dáhùn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ẹ̀, torí ajá yín lónìí àti ajá yín lóṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi wéra, wọn ò fẹ́ fi í wé ajá aládùúgbò.

Ìfẹ́ tí a ní sí ajá lè ṣi ìdáhùn wa lọ́nà. Ìwádìí kan tó jáde ní 2012 fi hàn pé nígbà tí oògùn tí wọ́n fún ajá kò ní nǹkan kan nínú, ọ̀pọ̀ alájá ṣì sọ pé ó ti sàn, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń wọn bí ajá ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kò rí ìyàtọ̀ kankan. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn dókítà pẹ̀lú. Nọ́ńbà yìí kò sì lè dárúkọ àìsàn: dókítà ṣì ní láti fọwọ́ tẹ oríkèé, kó sì ya àwòrán egungun tó bá yẹ. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra ibuprofen ní kẹ́míìsì fún un. Ó lè dá egbò sí ikùn ajá, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ẹ kọ déètì sórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi fóònù ya fídíò ajá náà láàárọ̀ nígbà tó bá ń dìde nílẹ̀, kẹ́ ẹ fi han dókítà pẹ̀lú ìwé náà.