Àgọ́ Àwọn Ọdẹ ní Hunting Island: Ta Ló Kọ́kọ́ Sùn Síbẹ̀?

Hunting Island jẹ́ erékùṣù kan nítòsí ìlú Beaufort, ní etíkun South Carolina ní Amẹ́ríkà. Ọgbà ìgbafẹ́ ti ìpínlẹ̀ ni lónìí, nǹkan bí 5,000 éékà igbó, irà àti yanrìn, tí àwọn èèyàn ń lọ pàgọ́ sí lẹ́bàá òkun. Ẹ bi wọ́n bí pípàgọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, wọn á ní ìjọba ló dá a sílẹ̀ láwọn ọdún 1930. Èmi ò gbà. Ọgbà ni ìjọba dá sílẹ̀. Àgọ́ ti wà kí ọgbà tó dé.

Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ rẹ̀: erékùṣù ìṣọdẹ ni. Ṣáájú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn olóko ńlá agbègbè náà sọ ibẹ̀ di igbó ọdẹ wọn, wọ́n ń lé àgbọ̀nrín kiri. Ìtàn sì máa ń dúró lórí àwọn olóko yìí bí ẹni pé àwọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ta ló tu ọkọ̀ wọn dé ibẹ̀? Ta ló gbé ẹrù, ta ló dáná, ta ló ṣọ́ iná náà mọ́jú? Lójú tèmi, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń fi ṣe ẹrú ní St. Helena, erékùṣù tó múlé gbè é, ni: àwọn tí à ń pè ní Gullah.

Mo tiẹ̀ rò pé wọ́n ti ń sùn síbẹ̀ fúnra wọn. Odò tóóró tóóró ló la irà ibẹ̀ kọjá, ó kún fún edé, alákàn àti ẹja. Bí omi bá fà, ọkọ̀ á jókòó sórí ẹrẹ̀, apẹja ò sì lè lọ títí omi á fi kún padà. Kí ni onítọ̀hún á ṣe bí kò bá pa ahéré kékeré, kó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọdẹ ni Ṣọ̀ún Ògúnlọ́lá tó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Bùdó ogun ni Ìbàdàn kó tó dìlú. Ẹ gbọ́ bí "bùdó" àti "tẹ̀dó" ṣe jọra létí: ibi tí a sùn fún alẹ́ kan ló ń di ibi tí a ń jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Àwọn kan á ní kí ló kan Yorùbá níbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ará Àǹgólà àti agbègbè Síẹ́rà Líónì pọ̀ jù wá lọ láàárín àwọn baba ńlá Gullah. Àwọn kan ní inú "Àǹgólà" lorúkọ wọn ti wá, àwọn mìíràn ní Gola ni, ẹ̀yà kan ní Làìbéríà. Ṣùgbọ́n Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàárín wọn ní 1932, bá orúkọ Yorùbá lẹ́nu wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1949. Fún mi, ìyẹn tó. Ní 1970 pẹ̀lú, ní káúńtì Beaufort kan náà, Ọba Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi, ọmọ bíbí Detroit, dá abúlé Ọ̀yọ́túnjí sílẹ̀.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. Ní 1861, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ gba agbègbè náà. Àwọn olóko sá, àwọn Gullah dúró. Ilé iná atọ́kọ̀sọ́nà tí wọ́n kọ́ ní 1859 bá ogun lọ. Ní 1875, wọ́n fi àwo irin tó ṣeé tú palẹ̀ kọ́ òmíràn, nítorí òkun ń jẹ ilẹ̀. Ní 1889, wọ́n tú u, wọ́n sì gbé e wọ inú ilẹ̀ sí i. Iná rẹ̀ kú ní 1933, ọdún tí Ààrẹ Roosevelt dá Civilian Conservation Corps sílẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tó wá la ọgbà náà. Nígbà tó di 1963, ilé ẹjọ́ ní kí dúdú àti funfun jọ máa wọ àwọn ọgbà ìpínlẹ̀, ìpínlẹ̀ bá ti gbogbo wọn pa. 1966 ni wọ́n tó ṣí wọn tán. Ìjì Matthew ya bo erékùṣù náà ní 2016, wọ́n sì tún un ṣe.

Bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé iná náà wà ní ṣíṣí, ẹ gun àtẹ̀gùn 167 rẹ̀, kí ẹ kẹ̀yìn sí òkun. Irà lẹ ó rí, àti odò tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, St. Helena sì wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀nà tí ọkọ̀ àwọn Gullah gbà wá nìyẹn.