Ọ̀kùn àbí tanísánkó? Oríkèé kan ni kí o wò

Ẹni tó bá fẹ́ fi iye ẹsẹ̀ mọ ọ̀kùn yàtọ̀ sí tanísánkó yóò kà á títí ojú yóò fi ṣú. Oríkèé kan ṣoṣo ti tó. Lára tanísánkó, ẹsẹ̀ méjì ló wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ti ọ̀kùn jẹ́ mẹ́rin, torí pé oríkèé méjì ló lẹ̀ pọ̀ di òrùka kan. Àárín ara ni kó o wò o, má wo ẹ̀gbẹ́ orí: òrùka àkọ́kọ́ ọ̀kùn kò ní ẹsẹ̀ rárá, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e sì ní méjì-méjì péré. Ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ.

Orúkọ òyìnbó wọn náà ń tanni. Látinú èdè Látìnì, centipede, ìyẹn tanísánkó, ni “ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀”, millipede, ìyẹn ọ̀kùn, sì ni “ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀”. Ṣùgbọ́n tí a bá ka ẹsẹ̀ tanísánkó tó ti dàgbà ní méjì-méjì, iye tó máa ń jáde kì í ṣe é pín dọ́gba: 15, 21, 23, títí dé 191. Kí ẹsẹ̀ tó pé ọgọ́rùn-ún gẹ́lẹ́, méjì-méjì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ 50, 50 sì pín dọ́gba. Ní ti ẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ ọ̀kùn kò tó 400. Ọdún 2021 ni wọ́n tó kéde ọ̀kan tó kọjá ẹgbẹ̀rún, Eumillipes persephone, tí wọ́n rí nínú ihò kan ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ní nǹkan bí 60 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ 1,306 ni wọ́n kà lára ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ ọ̀kùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin, ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló sábà máa ń ní. Bó ṣe ń bọ́ awọ ni òrùka àti ẹsẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Orúkọ tó sọ òótọ́ ni èyí tí àwọn onímọ̀ mú látinú èdè Gíríìkì. Diplopoda, ìyẹn ọ̀kùn, ni “ẹsẹ̀ onílọ́po méjì”. Chilopoda, ìyẹn tanísánkó, ni “ẹsẹ̀ ètè”: ẹsẹ̀ méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ ti yí padà di ìwọ̀ olóró tó ká mọ́ abẹ́ ẹnu. Tí wọ́n bá ní tanísánkó bu èèyàn jẹ, ẹsẹ̀ ló fi ṣe é, kì í ṣe eyín.

Láti wò wọ́n dáadáa, fi igi darí kòkòrò náà sínú ike tó mọ́ gaara, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ tanísánkó nà síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, eré ló sì máa ń sá. Méjì tó gbẹ̀yìn kì í bá a rìn. Ó kàn ń wọ́ wọn tẹ̀ lé ara ni. Abẹ́ ikùn ni ẹsẹ̀ ọ̀kùn wà, wọ́n ń gbéra ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bí ìgbì omi. Fi igi kan ọ̀kùn, á ká jọ. Àwọn ọ̀kùn kan wà tí ẹ̀yìn wọn pẹlẹbẹ, wọn kì í sì í ká jọ dáadáa. Àwọn yìí ni wọ́n sábà ń pè ní tanísánkó. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ní òrùka kan ló máa tú wọn fó.

Ẹran ni tanísánkó ń pa jẹ. Ewé jíjẹrà ni ti ọ̀kùn. Ọ̀kùn kì í ta oró síni lára, àmọ́ omi tó ń sun láti ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lè sọ awọ ara di àwọ̀ ilẹ̀, kó sì ta èèyàn. Tàwọn kan tilẹ̀ ní májèlé sáyánáídì nínú, nítorí náà má kó wọn pọ̀ sínú ike tí a dé pa. Fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, má sì fi nu ojú. Tó bá ti kan ojú, fi omi púpọ̀ ṣàn án, kí o lọ rí dókítà. Tó bá jẹ́ tanísánkó ló ṣeni léṣe, ọṣẹ àti omi náà ni, kí o wá gbé yìnyín tí a fi aṣọ wé lé ojú ibẹ̀. Tí ojú èèyàn náà bá ń wú tàbí tí èémí kò já geere, ilé ìwòsàn ló kàn, lójú ẹsẹ̀.